Omi ń gba abẹ́ aṣọ wọlé níbi iṣẹ́ abẹ orúnkún oníkámẹ́rà. Báwo lẹ̀yin ṣe ń bo aláìsàn tiyín?

Sista_Tíátà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin akẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọ̀ṣun. Ọdún keje rèé tí mo ti ń bá àwọn dókítà eegun ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n eegun kíkán tí à ń fi irin dè ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀gá wa ra ẹ̀rọ arthroscopy, èyí tí wọ́n ń ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba ihò kékeré wọ inú oríkèé, tí wọ́n á máa wo inú rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni bí omi ṣe máa pọ̀ tó. Níbi iṣẹ́ kẹta tí a ṣe, líta mẹ́sàn-án sálíìnì, ìyẹn omi iyọ̀, ló gba inú orúnkún bàbá náà kọjá. Aṣọ òwú aláwọ̀ ewé tí a fi ń bo gbogbo èèyàn la fi bò ó ní ìlọ́po méjì, bí a ṣe ń ṣe fún eegun kíkán. Ogún ìṣẹ́jú kò tíì pé tí aṣọ fi rin gbingbin. Ìgbà tí a ká aṣọ kúrò, inú omi tútù ni bàbá dùbúlẹ̀ sí, ó ń gbọ̀n. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ti mu omi yó. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí a tú tourniquet, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń fún itan kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn, ní itan rẹ̀, awọ ara abẹ́ rẹ̀ ti lé ròrò, ó sì ti bó. Ayodíìnì tí a fi kun ẹsẹ̀ ti ṣàn wọ abẹ́ òwú tí a fi tẹ́ ẹ, ó sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Èmi ni mo kun ẹsẹ̀ náà. Mo lọ bá bàbá ní wọ́ọ̀dù, mo ṣàlàyé fún un, mo bẹ̀ ẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ojú ibẹ̀ tó jinná. Orúnkún fúnra rẹ̀ kò gba kòkòrò, mo dúpẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń bo ẹsẹ̀ tí omi kò fi ń ráyè? Báwo lẹ ṣe ń dí etí tourniquet? Kí lẹ sì ń sọ fún aláìsàn pé kó ṣe nílé kó tó wá? A ní èèyàn méjì tí a máa ṣe fún ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, n kò sì fẹ́ kí irú ti bàbá yẹn tún ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ìyá_Scrub

Àbúrò mi, o ṣeun tí o lọ bá bàbá náà fúnra rẹ. Ilé ìwòsàn eegun ti Igbobi ní Èkó ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tíátà, ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Aṣọ òwú tó bá ti rin kì í ṣe drape, ìyẹn ìbora iṣẹ́ abẹ, mọ́. Bí aṣọ bá gbẹ, kò rọrùn fún kòkòrò ara láti là á kọjá. Bó bá ti rin, omi ni kòkòrò máa gùn bí ẹni wọkọ̀. Gbàrà tí ọ̀rinrin bá ti so bẹ́ẹ̀dì àti ara aláìsàn pọ̀ mọ́ òkè aṣọ tí ọwọ́ wa wà, ọ̀nà ti là nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Láti 1952 ni Beck àti Collette ti kọ ọ́ jáde ní Amẹ́ríkà pé aṣọ òwú tó rin kò dá kòkòrò dúró. Ìlọ́po méjì kò lè gbà ọ́, ìlọ́po mẹ́rin náà kàn máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un ni.

Kí a tó máa rí drape oníke rà, mákíntọ́ọ̀ṣì ló ń gbà wá. Rọ́bà tí a ti se nínú autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò, ni, òun la máa kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ kí aṣọ tó gorí rẹ̀. A á ká etí rẹ̀ sókè lọ́tùn-ún lósì bí ọpọ́n, a á sì dorí ẹnu rẹ̀ kọ garawa nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ òkè lè rin, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin náà kò ní dé ara aláìsàn, ti ara aláìsàn kò sì ní gòkè wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ náà, ẹ wọ épúrọ́ọ̀nù oníke sábẹ́ gọ́ọ̀nù. Mo ti rí i rí tí gọ́ọ̀nù dókítà rin láti àyà dé orúnkún, tó sì fara ti bẹ́ẹ̀dì títí iṣẹ́ fi parí. Ara tirẹ̀ náà ní kòkòrò.

Àjò_Birmingham

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ará ilé. Ní tíátà ni mo wà níbí, a máa ń bá akunilóorun ṣiṣẹ́, a sì ń scrub náà, ìyẹn ni pé a máa ń fọwọ́ tán, a ó dúró ti dókítà níbi iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Sista lè fi wé tiwọn.

Kí oògùn ìkunra tó jáde rárá, tourniquet ti wà lókè pátápátá ní itan. Òwú ìtẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀ láìkákò. Lẹ́yìn náà ni a máa mú ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù, a ó fi yí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, kí ó lẹ̀ mọ́ awọ ara típẹ́típẹ́. Ike yìí ni ì bá gba bàbá yẹn. Bí òwú bá ṣèèṣì rin pẹ̀lú gbogbo èyí, a máa tú u, a ó pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó fún tourniquet. Kò sẹ́ni tó ń kánjú níbẹ̀.

Ẹnì kan á gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹlòmíì á kùn ún. Ojú orúnkún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ihò máa wà, kí a tó lọ sókè sí itan, kí a tó sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ló máa kẹ́yìn. Òwú tó bá ti kan ibẹ̀ kò tún padà sókè mọ́. Àwa kì í fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú pópó lẹ́yìn tí a bá ti kùn ún tán: scrub á ti ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan tí wọ́n fi ike bo òde rẹ̀, á gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, á sì tú ìbọ̀sẹ̀ náà sókè dé abẹ́ orúnkún. A ó fi báńdéèjì dì í kó má baà yọ́.

Drape ńlá kan á lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ láti bo bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó kẹ́yìn ni drape arthroscopy gan-an. Ihò kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà tó ń fà ṣe, ó kéré ju itan lọ dáadáa. A ó ti ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀, a ó fà á dé àárín itan. Fífún tí rọ́bà yẹn fún itan ni omi kò fi rí ibi wọ̀. Mo ti rí ẹni tó fi síọ́ọ̀sì gé ihò náà kó lè tètè wọlé. Drape yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, òmíràn la ṣí. Lábẹ́ orúnkún, àpò oníke kan wà lára drape náà tó ń gba omi, ó ní ẹnu nísàlẹ̀ tí a ń so mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́? Ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ẹ fi nǹkan rírọ̀ tẹ́ ẹ, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Iṣan ìmọ̀lára kan gba ibẹ̀ kọjá lórí eegun, awọ nìkan ló bò ó. Bí irin bẹ́ẹ̀dì bá tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan, aláìsàn lè jí kó má lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè.

Ilé_Autoclave

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti kàn wá ní ibi tí a ti ń se nǹkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lo mákíntọ́ọ̀ṣì, ẹ má kàn ká rọ́bà jọ kẹ́ ẹ jù ú sínú autoclave. Ooru omi kò la rọ́bà kọjá. Ibi tí rọ́bà bá ti lẹ̀ mọ́ rọ́bà, ooru kò ní dé ibẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti mọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, kẹ́ ẹ wá ká méjèèjì pọ̀ láìfún, kí aṣọ lè là wọ́n láàárín. A máa ń fún ẹrù aṣọ ní 121°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó gbẹ tán kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, torí ẹrù tó bá jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin ti bàjẹ́ kó tó dé tíátà.

Kí n tó wé aṣọ òwú, mo máa ń gbé e síwájú iná kí n wò ó. Ihò abẹ́rẹ́, ibi tí irin gbámú ti fà ya, gbogbo rẹ̀ ló máa hàn. Èyí tó bá ti lu, mo máa ń yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ohun kan wà tó ń dùn mí lọ́kàn. Àwọn kan gbé drape oníke tí wọ́n ti lò fún aláìsàn kan wá bá mi, wọ́n ní wọ́n ti fọ̀ ọ́, kí n bá wọn se é. Mo kọ̀. A ṣe é fún ẹ̀ẹ̀kan ni. Ooru ń ba ike àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́, ohun tó fi ń dá omi dúró á ti lọ, ojú lásán kò sì ní rí i. Wọ́n bínú sí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣì ń kọ̀.

Sista_Tíátà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ Àjò_Birmingham han ọ̀gá wa, ó ní drape oníke náà wọ́n, òun kò sì fẹ́ kí owó iṣẹ́ ga ju agbára àwọn èèyàn wa lọ. Ó yé mi, mo mọ ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Ṣé bí a bá fi mákíntọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ṣe é bí Ìyá_Scrub ṣe wí, a kò jẹ̀bi?

Dókítà_Eegun

Sista, ẹ kú akitiyan. Ìlànà tí àjọ ìlera àgbáyé WHO gbé jáde ní 2016 lórí bí a ṣe lè dènà kòkòrò ojú iṣẹ́ abẹ sọ pé àti drape tí à ń lò sọnù, àti aṣọ tí à ń fọ̀ tí à ń sè, èyíkéyìí ló dára. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dójú tì yín torí aṣọ. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn wà fún gbogbo onírúurú iṣẹ́ abẹ. Tiwa yìí jẹ́ iṣẹ́ inú omi. Ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn nọ́ọ̀sì mi kí n tó gba abẹ ni pé: bí líta mẹ́wàá bá dà síbí, ibo ló máa gbà? Bí wọ́n bá lè fọwọ́ tọ́ka ọ̀nà omi náà láti orúnkún títí dé garawa, tí kò sì kan ara aláìsàn níbì kankan, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo lowó yín ká, èyí tó ní ihò rọ́bà àti àpò ni kẹ́ ẹ rà. Gbogbo ìyókù lè jẹ́ aṣọ. Fún ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ abẹ tó tóbi jù tàbí àpò ike tí a ti sè mọ́ kúrò lọ́wọ́ kòkòrò lè bọ ọmọ ìka, kí báńdéèjì wá gorí rẹ̀.

Lórí oògùn ìkunra: WHO fara mọ́ chlorhexidine tó wà nínú ọtí. Ó ń pa kòkòrò kíákíá, agbára rẹ̀ sì ń pẹ́ lára. Àmọ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nù ún, ẹ má fẹ́ ẹ. Bí drape bá bo ọtí tó ṣì tutù mọ́lẹ̀, tí mo wá tan diathermy, ẹ̀rọ iná tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, iná lè sọ. Ayodíìnì olómi náà, ìgbà tó bá gbẹ ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń kánjú níbi gbígbẹ yìí, èmi náà ti ṣe é rí.

Oògùn agbógunti kòkòrò: bí a bá kàn fẹ́ wo inú orúnkún tàbí gé meniscus tó ya, ìyẹn ìrọ̀rí kékeré tó wà láàárín eegun, tí a kò ní fi nǹkan kan sílẹ̀ síbẹ̀, ìlànà àwọn apoògùn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ti 2013 kò ní kí a fún un. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ṣì ń fún un, n kò bá wọn jà. Bó bá jẹ́ pé okùn oríkèé la fẹ́ tún ṣe, tí a máa fi irin tàbí ìdè sílẹ̀ nínú eegun, ó di dandan. Cefazolin giramu 2 la máa ń lò, giramu 3 fún ẹni tó bá wọn kílò 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ọgọ́ta ìṣẹ́jú kí abẹ tó kan ara. Kí ó wọlé tán kí tourniquet tó fún! Bí tourniquet bá ti fún, ẹ̀jẹ̀ kò lọ sí ẹsẹ̀ mọ́. Oògùn náà á yí gbogbo ara ká, orúnkún tí a torí rẹ̀ fún un nìkan ni kò ní dé.

Orúnkún_Òsì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Aláìsàn ni mí, tíṣà eré ìdárayá. Meniscus orúnkún mi òsì ló ya, wọ́n sì ti fún mi ní ọjọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé èèyàn ń ronú báyìí lórí ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni.

Kí ni mo lè ṣe nílé? Ẹnì kan ládùúgbò ní kí n fi reésà fá gbogbo ẹsẹ̀ mi ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó lè mọ́. Ìyàwó mi náà ń bá mi fi àgbo wẹ ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn, ilé oògùn kan gún mi ní abẹ́rẹ́ sínú orúnkún kí ìrora lè rọlẹ̀, ó sì rọlẹ̀ lóòótọ́.

Ìyá_Scrub

Ọmọ mi, má fi reésà kan ẹsẹ̀ yẹn o. Ṣé o rí bí gbẹ́rẹ́ ṣe máa ń rí lára? Reésà ń sín irú rẹ̀ tí kò hàn síta, kòkòrò á sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí irun kò bá dí dókítà lọ́wọ́, a ó fi sílẹ̀. Bó bá dí i, àwa la máa fi klípà gé e ní ilé ìwòsàn.

Wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ní alẹ́ àti ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ọṣẹ lásán tó. Fọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ dáadáa, gé èékánná rẹ, má pa ìpara sára lẹ́yìn ìwẹ̀. Aṣọ tó mọ́ ni kí o wọ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó mọ́ ni kí o sùn lé. Bí eéwo tàbí ọgbẹ́ bá yọ níbikíbi lára ẹsẹ̀ yẹn, bó ti wù kó kéré, pe ilé ìwòsàn kí o tó gbéra. Àgbo tí à ń fi wẹ ẹsẹ̀, dá a dúró báyìí. Èyí tí o bá ń mu, dárúkọ rẹ̀ fún akunilóorun, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jà. Òrùka, ẹ̀gbà ọwọ́, ońdè tó bá wà ní ìdí, bọ́ gbogbo rẹ̀ sílé. Mo ti rí ẹni tó fi ońdè pamọ́ sábẹ́ aṣọ, a sì fẹ́ lo diathermy.

Oúnjẹ, wákàtí mẹ́fà kí o tó wọlé. Omi lásán, wákàtí méjì. Ohun tí akunilóorun tìrẹ bá sọ ló lékè tèmi.

Dókítà_Eegun

Orúnkún_Òsì, abẹ́rẹ́ yẹn ló mú mi dìde níbi tí mo jókòó sí. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ilé oògùn náà ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, steroid ló sábà máa ń jẹ́. Ó ń mú ìrora rọlẹ̀, ó tún ń sọ ààbò inú oríkèé di ahẹrẹpẹ. Iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà tí a bá ṣe láàárín oṣù kan lẹ́yìn irú rẹ̀, ewu pé kòkòrò máa wọ oríkèé ga sí i. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ yín lónìí. Ó ṣeé ṣe kó sún ọjọ́ náà síwájú, kò sì ní jẹ́ ohun tó burú.

Ohun kejì: ṣé ẹ mọ genotype yín? Bí ẹ bá jẹ́ SS tàbí SC, kí dókítà gbọ́ kó tó di ọjọ́ náà, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Tourniquet ń dá ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ dúró, ẹ̀jẹ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ sì lè dà bí dòjé. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ orúnkún ni a lè ṣe láìfún tourniquet rárá. Fún ẹni tí a bá fún un, wákàtí méjì ni a kì í fẹ́ kọjá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, oníṣẹ́ abẹ máa wá fi bírò tí kì í parẹ́ sàmì sí orúnkún òsì yín nígbà tí ojú yín ṣì là. Ẹ fọwọ́ yín tọ́ka sí i, ẹ fẹnu sọ ọ́. Kí àmì náà ṣì hàn lẹ́yìn tí a bá kùn ún tán, tí a bò ó tán, torí orúnkún méjèèjì jọra lábẹ́ drape.

Àjò_Birmingham

Lórí àmì yẹn, ìwé àyẹ̀wò WHO ti 2008, tó ní nǹkan mọ́kàndínlógún tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, di dandan ní England láti 2009. Kí abẹ tó kan ara, gbogbo wa á dúró, a ó dárúkọ aláìsàn, iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, ẹsẹ̀ wo. Mo gbádùn rẹ̀ pé ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù lè dá dókítà àgbà dúró níbẹ̀.

Sista, mo gbàgbé láti sọ pé a tún ń lẹ ike oníyodíìnì fẹ̀ẹ̀rẹ̀ mọ́ ojú orúnkún kí a tó lu ihò. Ẹ rà á bí owó bá wà.

Ìyá_Scrub

Àjò, níbí ni n kò ti ní bá ẹ lọ. Owó àbúrò mi kéré, má jẹ́ kó ná an síbẹ̀. WHO fúnra wọn ní 2016 sọ pé ká má lo ike alẹ̀mára nítorí àtidènà kòkòrò, ìbáà ní ayodíìnì, ìbáà má ní. Omi arthroscopy tún máa ń ṣí etí rẹ̀ lójú ihò, kòkòrò á sì kó jọ sábẹ́ rẹ̀.

Àjò_Birmingham

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Ojú kòkòrò kọ́ ni mo fi ń wò ó, àwa ń lò ó láti dí etí drape kí omi má wọlé. Ṣùgbọ́n tí rọ́bà ihò drape bá fún itan dáadáa, mo rí i pé kò pọn dandan. Kí Sista fi owó náà ra èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ etí tourniquet, ìyẹn kò ṣeé fò.

Ìyá_Scrub

Ibẹ̀ la ti pàdé.

Ohun kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Wáyà iná kámẹ́rà yẹn! Ẹnu rẹ̀ gbóná gan-an, bí wọ́n bá yọ ọ́ lára kámẹ́rà tí iná ṣì ń tàn, tí wọ́n gbé e lé drape, ó máa jó ike náà lu, á sì jó awọ aláìsàn tó wà lábẹ́. Aláìsàn tí oorun ti gbé lọ kò ní lè pariwo. Kí ẹ pa iná náà kí ẹ tó tú wáyà, tàbí kí ó wà lórí tábìlì irin títí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Perio

Ẹ kú iṣẹ́ ma, ẹ kú iṣẹ́ sà. Èjìká ńkọ́? Wọ́n ní a máa rí ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Dókítà_Eegun

Àlàyé rẹ̀ gùn, n kò ní lè kọ gbogbo rẹ̀ tán. A máa ń gbé aláìsàn jókòó bí ẹni wà lórí àga ìgbafẹ́, tàbí kí ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹni tó bá jókòó, kí akunilóorun máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lójú méjèèjì, torí orí wà lókè ju ọkàn lọ. Drape tó la ẹnu bí lẹ́tà U la fi ń yí èjìká ká, ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan láti òkè, kí omi má bàa ṣàn gba ọrùn lọ sí ojú àti etí. Ẹ fọ abíyá dáadáa, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes fẹ́ràn àdúgbò yẹn, inú ihò irun ló ń gbé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ èjìká kan ń ní kí aláìsàn fi benzoyl peroxide pa èjìká fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó wá.

Sista_Tíátà

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti ṣe ti Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀gá wa gbà kí a ra drape arthroscopy méjì, ọ̀kan fún ẹnì kan, a sì fi mákíntọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ṣe ìyókù. Mo fún ẹni tó ń se nǹkan ní àlàyé Ilé_Autoclave, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun máa tẹ́ aṣọ sáàárín rọ́bà. Mo fi ike yí etí tourniquet ká fúnra mi. Chlorhexidine oníọtí la fi kùn ún. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn púpọ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń wo ojú ẹni. Dókítà bi mí bóyá mo ti ṣe tán, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku ìṣẹ́jú kan." Ó dúró.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo tọ́ka ọ̀nà omi: láti orúnkún sínú àpò, láti àpò sínú ẹ̀rọ tó ń fà á, láti ibẹ̀ sínú garawa. Aláìsàn àkọ́kọ́ gba líta mẹ́fà, ìkejì gba mọ́kànlá, torí nǹkan tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ pọ̀. A bo àyà àti apá wọn pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ.

Ìgbà tí a ká gbogbo rẹ̀ kúrò, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn obìnrin kejì. Ó gbẹ. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì gbẹ. Mo tú tourniquet, mo wo awọ itan rẹ̀ yí po, ó dán bí ó ṣe dán nígbà tó wọlé. Omi kún ojú mi, n kò jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ibi kan ṣì wà tí kò dára tó. Ẹnu àpò náà dí nígbà kan, ègé ẹran ara ló dí i, omi sì fẹ́ kún àkúnya. Kí lẹ máa ń ṣe?

Àjò_Birmingham

Sista, ẹ kú oríire! Ẹ máa ní ọ̀pá ìfà kejì nítòsí tí a ti sè, kí scrub lè fi fa omi láti òkè àpò títí tí ti ìsàlẹ̀ á fi là. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ láti ìta wá ṣí i. Kí ẹni tó ń rìn kiri nínú tíátà sì máa wo ìgò ìfà, kó pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kún.

Orúnkún_Òsì

Mo lọ sọ ti abẹ́rẹ́ náà. Steroid ni lóòótọ́. Wọ́n sún mi sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, oníṣẹ́ abẹ mi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tètè sọ. Genotype mi, AA ni. Mo ti ju reésà nù.